Ẹ Wá Wo Bí A Ṣe Ń Ṣe É: Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Òwò Tó Ń Kọ́ Ẹlòmíràn ní Ọgbọ́n Rẹ̀

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ oníṣòwò nílẹ̀ wa léèrè ohun tó ń mú òwò pẹ́, àṣírí ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ibi tí wọ́n ti ń ra ọjà, iye tí wọ́n ń rà á, bí wọ́n ṣe ń pò ó, ẹni tó ń bá wọn gbé e, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi sábẹ́ aṣọ. Ìbẹ̀rù yẹn nídìí. Ẹni tí aládùúgbò ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí, tó ta ọjà kan náà, tó sì dín owó rẹ̀ kù láti kó oníbàárà lọ, kò ní í fẹ́ gbọ́ ìwàásù nípa pínpín ọgbọ́n.

Síbẹ̀ àwọn òwò kan wà lágbàáyé tí wọ́n dìídì ṣètò ara wọn kí ẹlòmíràn lè wò wọ́n ṣe. Wọ́n kọ ìlànà wọn sílẹ̀, wọ́n ń gba àlejò, wọ́n ń kọ́ wọn, inú wọn sì ń dùn bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan ti dá irú tiwọn sílẹ̀ níbòmíràn. Irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ wọn pọ̀. Àwọn tó ń bẹ̀rù wọn ń pa tiwọn, àwọn tó ń yìn wọ́n kọjá ààlà náà ń pa tiwọn. Ilé ìwòsàn ojú kan ní Íńdíà ni mo máa fi ṣe àlàyé tó gùn jù, nítorí ó ti lé ní 30 ọdún tó ti ń fi ìṣe dáhùn ìbéèrè yìí.

IRỌ́: Ẹni tó bá fi ọgbọ́n òwò rẹ̀ han ẹlòmíràn ti ta ara rẹ̀.

“Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn,” ni wọ́n máa ń wí. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹni tó sá èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀ sóòrùn, ká wo ohun tó dé bá a.

Ní 1976, Dókítà Govindappa Venkataswamy fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní ìlú Madurai, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, gúúsù Íńdíà. Ẹni ọdún 58 ni. Làkúrègbé líle ti kọ lù ú nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ìka ọwọ́ rẹ̀ ti wọ́, àmọ́ ó fi sùúrù kọ́ àwọn ìka wíwọ́ yẹn títí wọ́n fi lè mú ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ, ó sì fi wọ́n la ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Dípò kó jókòó ti owó ìfẹ̀yìntì, ó kó àwọn àbúrò rẹ̀ àti ọkọ àti aya wọn jọ, wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn kékeré kan tó ní bẹ́ẹ̀dì 11. Aravind ni wọ́n sọ ọ́. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn fọ́ láìnídìí. Cataract ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣe wọ́n, ìyẹn ohun bíi kùrukùru tó máa ń bo lẹ́ǹsì inú ẹyin ojú bí ọjọ́ orí bá ti lọ. Iṣẹ́ abẹ ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń mú un kúrò. Ẹni tí kò bá rí iṣẹ́ abẹ náà ṣe yóò jókòó sílé, ọmọ tó yẹ kó wà nílé ìwé ni yóò sì máa fà á lọ́wọ́ kiri.

Ilé ìwòsàn náà dàgbà, ó sì mọ ọ̀nà ṣíṣe iṣẹ́ púpọ̀ lówó pọ́ọ́kú. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó. Ní 1992, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ Lions, Aravind dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LAICO, kí ó máa kọ́ àwọn ilé ìwòsàn ojú mìíràn ní ohun tí òun mọ̀: bí wọ́n ṣe ń ṣètò yàrá iṣẹ́ abẹ, iye tó yẹ kí wọ́n máa gbà, bí wọ́n ṣe ń wá aláìsàn lọ sí abúlé, bí wọ́n ṣe ń kọ́ òṣìṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń ka owó. Ilé ìwòsàn tó ti gba ẹ̀kọ́ yìí lé ní 300 báyìí, ní Íńdíà fúnra rẹ̀, ní Nepal, ní Áfíríkà àti níbòmíràn.

Bí irọ́ yẹn bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ kí Aravind ti kógbá sílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó di ọ̀wọ́ àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá káàkiri gúúsù Íńdíà, tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ tó lé ní 300,000 lọ́dún. Ìdí rẹ̀ kò le. Àwọn afọ́jú tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ilé ìwòsàn kan lè wò láé. Ẹni tí wọ́n là lójú ní Nepal kì í ṣe oníbàárà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Madurai. Àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ tún ń béèrè ìbéèrè, ìbéèrè wọn sì ń mú kí olùkọ́ kọ ohun tó ti ń fi àṣà lásán ṣe sílẹ̀, kó sì rí ibi tó ti ń fi owó ṣòfò. Ọjà náà sì ń pọ̀ sí i, nítorí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́ǹsì ojú fún Aravind ń tà fún àwọn mìíràn pẹ̀lú. Gbogbo ibi tí iṣẹ́ abẹ yìí bá ti gbilẹ̀ ni wọ́n ti nílò lẹ́ǹsì.

IRỌ́: Iṣẹ́ àánú ni irú òwò báyìí, owó olówó ló gbé e dúró.

Èyí ló máa ń dùn mí jù, nítorí ó ń gba iyì iṣẹ́ ọpọlọ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Aravind ń gba ẹ̀bùn fún kíkọ́ ilé tuntun tàbí fún ẹ̀kọ́, àmọ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ kò gbé orí ẹ̀bùn. Owó tí àwọn aláìsàn tó lè san ń san ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tí kò lè san, ó sì tún ń kù sílẹ̀.

Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, wọn kì í bi í léèrè ẹ̀rí pé tálákà ni. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò yan ẹnu ọ̀nà tó máa gbà wọlé, ti àwọn tó ń sanwó tàbí ti ọ̀fẹ́. Ẹni tó sanwó lè gba yàrá tirẹ̀, kó ní bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tí kò sanwó lè sùn sórí ẹní nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú àwọn ará abúlé rẹ̀. Àwọn dókítà kan náà ló ń la ojú àwọn méjèèjì, wọ́n ń yí wọn láti apá kan sí èkejì. Ibi ìsùn àti ìdẹ̀ra ni olówó ń fi owó rẹ̀ rà. Iṣẹ́ abẹ kò yàtọ̀.

Inú yàrá iṣẹ́ abẹ ni ìnáwó ti ń dínkù. Bẹ́ẹ̀dì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí dókítà bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹni àkọ́kọ́, àwọn olùrànlọ́wọ́ ti ń tọ́jú ẹnì kejì sílẹ̀: wọ́n ti fọ ojú rẹ̀, wọ́n ti to irinṣẹ́ sílẹ̀ dè é. Bó bá ti parí ọ̀kan, yóò yíjú sí èkejì, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Kì í dúró de aláìsàn, kì í sì í wá irinṣẹ́ kiri. Nípa báyìí, dókítà kan lè ṣe iṣẹ́ abẹ tó lé ní 2,000 láàárín ọdún kan, èyí tó jẹ́ ìlọ́po mélòó kan ohun tí akẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe níbòmíràn lórílẹ̀-èdè náà. Àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin láti abúlé tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Aravind ló fi nǹkan bí ọdún méjì kọ́ wọn fúnra rẹ̀. Àwọn ló ń yẹ ojú wò, àwọn ló ń gba ìtàn àìsàn sílẹ̀, àwọn ló ń gba aláìsàn nímọ̀ràn. Ohun tí dókítà nìkan mọ̀ ọ́n ṣe nìkan ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún dókítà.

Nígbà ayé rẹ̀, Venkataswamy máa ń sọ ọ́ ní gbangba pé McDonald's wà lára ohun tí òun wò. Bí ilé oúnjẹ kan bá lè kọ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí láti ṣe oúnjẹ kan náà, lọ́nà kan náà, ní ìlú tó jìnnà síra wọn, ó ní kí ló dé tí a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìlajú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣí McDonald's gbọ́dọ̀ san owó ńlá kí wọ́n tó jẹ́ kó lo ìlànà náà.

Lẹ́ǹsì ló wá kù. Bí wọ́n bá ti yọ cataract kúrò, lẹ́ǹsì kékeré kan ló dára jù láti fi rọ́pò rẹ̀ nínú ojú. Òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan lé ní 100 dọ́là, tálákà Íńdíà kò sì lè dé ìdí rẹ̀. Ní 1992 kan náà, Aravind dá ilé iṣẹ́ Aurolab sílẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ láti Amẹ́ríkà bíi David Green, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra wọn. Iye rẹ̀ já wálẹ̀ sí nǹkan bí 10 dọ́là, ó tún wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Aurolab ń kó lẹ́ǹsì lọ sí orílẹ̀-èdè tó lé ní 100 báyìí. Iṣẹ́ àánú wo ló ń ta ọjà sí orílẹ̀-èdè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

IRỌ́: Bí wọ́n bá ti ṣí ìlànà sílẹ̀, dídà á kọ kò le.

Ó le púpọ̀. Ohun tí ojú àlejò ń rí ni bẹ́ẹ̀dì méjì. Kò rí ìwà tó mú kí nọ́ọ̀sì ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́, kò rí ìpàdé tí wọ́n ti ń yẹ ìṣirò àná wò, kò sì rí ọ̀gá tó gbà pé kí àwọn ọmọ abẹ́ òun mọ iye tó wọlé.

LAICO mọ èyí. Nítorí náà kì í fún àlejò ní ìwé kó ní kó máa lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a lọ wo ilé ìwòsàn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, wọn a ka iye aláìsàn tó ń wá, wọn a wo bí owó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn yẹn yóò rán ikọ̀ wá sí Madurai. Dókítà nìkan kọ́ ni yóò wá. Alábòójútó àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú yóò bá a wá. Bó bá jẹ́ dókítà nìkan ló rí i, yóò padà sílé lọ bá àwọn tí kò ní gbà á gbọ́. Wọn a jókòó kọ ètò tiwọn sílẹ̀, kí LAICO tó máa tẹ̀ lé wọn, kó máa béèrè èsì. Pẹ̀lú gbogbo èyí, kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn tó gba ẹ̀kọ́ náà ló yọrí bákan náà. Níbi tí ọ̀gá kò bá ti fẹ́ yí padà, ẹ̀kọ́ kì í wọlé.

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí wa. Ní 1985, Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ àlùfáà Dominican, tó sì ti jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ní California, dá ibùdó Songhai sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìjọba Benin ń pè ní Porto-Novo. Hẹ́kítà kan ilẹ̀ tí wọ́n ti pa tì ni ìjọba kọ́kọ́ fún un. Ní Songhai, wọn kì í jẹ́ kí ohunkóhun ṣòfò. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná àti ajílẹ̀, ìdin tí wọ́n ń sìn ń di oúnjẹ ẹja, omi adágún ẹja ń rin oko ẹ̀fọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń wá gbé ibẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, wọ́n sì ń padà sílùú wọn lọ bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti gbèrò pé kí ẹlòmíràn ṣe irú rẹ̀.

Àwọn ìpínlẹ̀ mélòó kan ní Nàìjíríà rí i, ó wù wọ́n. Ìpínlẹ̀ Rivers náwó gidi sí oko ńlá kan ní Bunu-Tai lórí àpẹẹrẹ Songhai. Nígbà tí ìjọba yí ọwọ́ padà ní 2015, oko náà dẹnu kọlẹ̀, igbó sì bò ó. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ilé wà níbẹ̀. Ohun tó wà ní Àjàṣẹ́ tí kò sí ní Bunu-Tai ni ẹni tí oko náà jẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀, àti owó tí oko náà ń pa fúnra rẹ̀ láìdúró de ìṣúná ìjọba. Wọ́n ra ohun tó ṣeé rà, wọ́n sì fi èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ sílẹ̀. Ó dun ni, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó jàǹfààní rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ láìníṣẹ́.

IRỌ́: Ẹni tó ṣí ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ti yọ̀ǹda orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Rárá o. Ìlànà lọ̀tọ̀, orúkọ lọ̀tọ̀. Ní ìlú Ivrea, ní Ítálì, ní 2005, Massimo Banzi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe pátákó ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kékeré kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí iná, mọ́tò àti ẹ̀rọ. Arduino ni wọ́n pè é. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ti fẹ́ kógbá sílé nígbà náà, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ náà yóò bá a lọ. Láti gbà á là, wọ́n ṣí àwòrán àti ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n ní kí ẹni tó bá wù ṣe é, kó tún un ṣe, kó tà á.

Àwọn ará Ṣáínà ṣe é, wọ́n sì tà á lówó pọ́ọ́kú. Àwọn ọmọ ilé ìwé lágbàáyé, títí kan àwọn tó wà ní yunifásítì wa, fi àwọn ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú yẹn kọ́ iṣẹ́. Síbẹ̀ Arduino kò kú, nítorí wọ́n pa ohun kan mọ́: orúkọ. Ẹnikẹ́ni lè ṣe pátákó náà, àmọ́ kò lè kọ “Arduino” sí i lára láìgba àṣẹ, tórí ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa di mú bí ó bá jóná. Bí orúkọ yẹn ṣe níyelórí tó hàn nígbà tí àwọn olùdásílẹ̀ fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nílé ẹjọ́. Ó di 2016 kí wọ́n tó parí ìjà náà. Orí orúkọ ni ìjà náà dá lé, kì í ṣe orí àwòrán.

Èyí ni aṣọ tí a kì í sá lóòrùn. Orúkọ rẹ, ọ̀rọ̀ àṣírí oníbàárà rẹ, fáìlì aláìsàn, ìwọ̀n ara obìnrin tó wá rán aṣọ lọ́dọ̀ rẹ. Ṣíṣí ìlànà sílẹ̀ kò béèrè ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

IRỌ́: Ohun tó ṣe rere níbì kan, rere kan náà ni ẹ̀dà rẹ̀ yóò ṣe níbòmíràn.

Àwọn tó fẹ́ràn ìlànà ṣíṣí jù ló máa ń pa irọ́ yìí, mo sì kà á sí èyí tó léwu jù nínú gbogbo wọn. Ìtàn owó yíyá fún àwọn tálákà ni kí wọ́n gbọ́.

Ní 1976, Muhammad Yunus, olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé ní yunifásítì Chittagong ní Bangladesh, yọ 27 dọ́là nínú àpò ara rẹ̀, ó fi yá ènìyàn 42 ní abúlé Jobra. Wọ́n san án padà. Láti inú rẹ̀ ni Grameen Bank ti jáde, tó di báǹkì lábẹ́ òfin ní 1983. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń yáwó níbẹ̀. Wọ́n ń kó ara wọn jọ ní márùn-ún márùn-ún, wọ́n ń san án díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn tó ń yáwó gan-an ló sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú báǹkì náà. Yunus kò fi bó ṣe ń ṣe é pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láti 1989 ni wọ́n ti ní Grameen Trust, tó ń ran àwọn tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lọ́wọ́. Ní 2006 òun àti báǹkì náà gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà. Ní 2008 ìlànà náà dé New York, ní àdúgbò Jackson Heights.

Ẹ̀dà pọ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó dà á kọ mú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, wọ́n mú owó sísan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì fi apá tó ní kí àwọn tó ń yáwó ni báǹkì sílẹ̀. Àwọn olówó láti ìta ni wọ́n jẹ́ kó ni ín, èrè ni àwọn yẹn sì ń wá. Ní Íńdíà, ní 2010, ilé iṣẹ́ SKS, tó ń yá àwọn tálákà lówó, ta ìpín rẹ̀ ní ọjà ìdókòwò, owó ńlá sì wọlé. Láàárín oṣù díẹ̀, ní October ọdún náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh gbé òfin kalẹ̀ láti ká àwọn ayánilówó lọ́wọ́ kò, nítorí ìròyìn ti gba ìgboro kan pé àwọn obìnrin tí gbèsè mẹ́ta mẹ́rin wà lọ́rùn wọn ń para wọn. Yunus fúnra rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí wọ́n sọ iṣẹ́ rẹ̀ dà.

Àwọn ìyálọ́jà wa mọ irú àwọn agbówó tó ń kanlẹ̀kùn láago márùn-ún òwúrọ̀, tí wọ́n ń jókòó sí iwájú ilé títí owó ọ̀sẹ̀ yóò fi pé. Ìlànà tí ẹnì kan fi gba abúlé kan sílẹ̀ ni wọ́n ń lò, àmọ́ wọ́n ti yọ ọkàn rẹ̀ jù sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá máa ṣí ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ní kedere ohun tí kò ṣeé yọ nínú rẹ̀. Nínú ìlànà Aravind, iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ ni ohun tí ẹni tó dà á kọ kò gbọ́dọ̀ dá dúró, kódà nígbà tí ti àwọn olówó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú èrè wá. Bí wọ́n bá yọ ìyẹn kúrò, ilé ìwòsàn olówó lásán ló kù, irú rẹ̀ sì pọ̀ tẹ́lẹ̀.

IRỌ́: Ọgbọ́n tuntun tí íntánẹ́ẹ̀tì àti òyìnbó mú wá ni ṣíṣí ìlànà sílẹ̀.

Ẹni tó bá sọ èyí kò tíì wo èsúsù dáadáa. Ìlànà òwò ni: a kó owó jọ, a fi fún ẹnì kan, a tún kó o, ó kan ẹlòmíràn, títí yóò fi yí gbogbo wa ká. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, sì kọ àlàyé kíkún nípa rẹ̀ ní 1952. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ni ín. Kò sí ẹni tó san owó kó tó lò ó. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e sọdá òkun nínú orí wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò jẹ́ kí wọ́n mú ohunkóhun dání. Ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é títí di òní. Ní Bahamas, asue ni. Wọ́n fi ra ilẹ̀, wọ́n fi kọ́ ilé, wọ́n fi rán ọmọ níléèwé, nígbà tí báǹkì kò fẹ́ rí wọn sójú. Ìlànà tó rọrùn láti rántí, tí kò nílò ìwé, tí ẹni mẹ́ta lè fi bẹ̀rẹ̀: bí èsúsù ṣe rìn jìnnà nìyẹn.

Iṣẹ́ kíkọ́ náà ńkọ́? Kò sí ọ̀gá télọ̀ tàbí ọ̀gá alágbẹ̀dẹ ọkọ̀ tó gba ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ pé lọ́jọ́ kan ọmọ náà yóò gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ó ń kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ náà. Lọ́jọ́ fúrídọ́ọ̀mù, ẹgbẹ́ a pé jọ, ọ̀gá a gbàdúrà fún ẹni tó máa bá a du oníbàárà lọ́la. A ti ń ṣe é pẹ́ débi pé a kò kà á sí ohun tó ṣàjèjì mọ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀, lójú tèmi, ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́, wọn kì í kọ́ ọ ní òwò: bí wọ́n ṣe ń dá iye lé iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó oúnjẹ, bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìyá ẹni. Ọmọ náà a jáde pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ iṣẹ́, owó a sì máa jò lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa náà ní ìtàn tó fara jọ ọ́. Ní Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 21 December 1844, àwọn ènìyàn 28, ahunṣọ pọ̀ nínú wọn, ṣí ilé ìtajà kékeré kan ní òpópónà Toad Lane. Bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun àti àbẹ́là ni wọ́n ń tà. Pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dá. Wọ́n kọ òfin wọn sílẹ̀: ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan, èrè a máa padà sọ́dọ̀ ẹni tó ra ọjà, ọjà tí kò ní àbùlà. Òfin yẹn ni àwọn mìíràn ń dà kọ láti ìlú dé ìlú. Lẹ́yìn ìròyìn lórí irú ẹgbẹ́ yìí tí C. F. Strickland kọ ní 1934, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún Nàìjíríà ní 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó wa sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, nítorí ẹni tó ti ń dá èsúsù kò nílò àlàyé púpọ̀ kó tó mọ ìdí tí a fi ń kó owó jọ.

Ẹ̀yin tí òwò yín ti dúró, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Ẹ wá ìwé, ẹ kọ bí ẹ ṣe ń ṣe é sílẹ̀ ní èdè tí ọmọ iṣẹ́ yín lè kà: iye tí ẹ ń rà, iye tí ẹ ń tà, ohun tó máa ń bàjẹ́ àti ìgbà tó máa ń bàjẹ́. Ẹ kọ ọdún tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé sí i, nítorí ibẹ̀ ni aláfarawé yóò ti kọ́ ẹ̀kọ́ jù. Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìwé yín mọ́, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ àdúgbò kejì wá jókòó sí ìpàdé yín, kí wọ́n wo bí ẹ ṣe ń yáni lówó àti bí ẹ ṣe ń gbà á padà láìkan ẹnikẹ́ni lábùkù. Kí ẹ sì sọ ohun kan tí wọn kò gbọ́dọ̀ yọ kúrò fún wọn kí wọ́n tó lọ.